Ìwé Ìṣirò Tí Kò Ní Àwòrán

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé kò mọ bí a ṣe ń pín nǹkan. Kì í ṣe pé n kò sí nítòsí. Abẹ́ ojú mi ló ti dàgbà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta táyà tòkunbọ̀ lẹ́bàá gáréèjì Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó àti àwọn tó ń lọ sí Bìní ti máa ń dúró sinmi. Ìyá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà kó tó di tèmi. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi; ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú títì kó tó sùn nílé fún ọjọ́ méjì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá yẹ kó mọ ohun tí ọmọ yìí mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀, èmi ni.

Lọ́jọ́ kan, nígbà ìsinmi ilé-ìwé, wọ́n já táyà ọkọ̀ kékeré méjìdínlọ́gbọ̀n sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí ọmọ náà bá mi wò ó: bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń lo mẹ́rin, ọkọ̀ mélòó ni táyà wọ̀nyí máa tó? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èsì ìdánwò rẹ̀ jáde. Ipò kejì ló wà ní pírámárì kẹrin, ó sì gba máàkì márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ìṣirò.

"Mẹ́fà," ó ní.

Mo wò ó.

"Mẹ́sàn-án?"

Mo ṣì ń wò ó.

"Mọ́mì, àbí mẹ́jọ ni? Ẹ̀... méje?"

Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu mi nígbà tó dárúkọ méje, torí pé òun náà ni. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló pariwo pé, "Méje! Méje ni!" ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé kò wo táyà kankan láti ìgbà tí mo ti bi í ní ìbéèrè. Ojú mi ló ń wò, bí ajá ṣe máa ń wo ọwọ́ ẹni tó ń jẹun. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ yé e pé nǹkan kan burú níbẹ̀.

"Bí a ṣe máa ń ṣe fún tíṣà wa nìyẹn," ó ní. "Tí a bá ti dárúkọ èyí tó gbà, wọ́n á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni."

Mo ní kó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Ìwé ńlá ni, ó ń dán, àwòrán kìnnìún wà lára rẹ̀, ilé-ìwé ló sì fi dandan lé e pé kí gbogbo òbí rà á. Inú ìwé náà ni wọ́n ń kọ ìdáhùn sí, tó fi jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ kékeré tó wà nílé kò lè jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ojú ìwé ló kún. Báírò pupa ti fa ìlà pé ó gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mo rí i pé lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí ọmọ mi kọ, àmì pẹ́ńsù àgbàlagbà wà níbẹ̀. Tíṣà ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọmọ kàn ń fi ọwọ́ tirẹ̀ tẹ̀ lé e ni. Tíṣà á wá mú báírò pupa, á máa fi máàkì iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó rí mi lára. Mo ju ìwé náà sórí táyà bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan òkú eku.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, mo lọ bá obìnrin tó ni ilé-ìwé náà. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù nini, àwọn ife ẹ̀yẹ aláwọ̀ wúrà tò sí ara ògiri, olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà. Mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀, mo fi àmì pẹ́ńsù hàn án. Mo rò pé yóò yà á lẹ́nu. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ó pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́, ó sì tì í padà sọ́dọ̀ mi.

"Mọ́mì wa, ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Tí ẹ bá ṣí ìwé ọmọ yín, tí ẹ rí ààyè òfìfo, kí lẹ máa sọ? Ẹ máa ní tíṣà ò ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá rí i pé kò gbà, kò gbà, ẹ máa kó ọmọ lọ sí ilé-ìwé tó wà lódìkejì títì. Ìwé tó kún làwọn òbí fẹ́. Òun náà la ń fún wọn."

"Ṣé ọmọ náà wá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mà?"

"Á mọ̀ ọ́n tó bá yá. Tí wọ́n bá dé kíláàsì karùn-ún, wọ́n á tún fẹnu bà á."

"Wọ́n á fẹnu bà á bí wọ́n ṣe fẹnu bà á ní kẹrin?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má bínú, pé òun máa bá tíṣà wọn sọ̀rọ̀ kó máa pa àmì pẹ́ńsù náà rẹ́ dáadáa.

Mo gbé ìwé náà, mo jáde. Síbẹ̀, ohun tó burú jù ni pé n kò lè pe obìnrin náà ní òpùrọ́. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, èmi fúnra mi ni mo ya àwòrán káàdì náà, tí mo gbé e sórí fóònù kí gbogbo ẹbí lè rí i. Mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé, Máṣàállàh, ọpọlọ bàbá rẹ̀ ló jogún. Àárín táyà ni mo jókòó sí tí mo ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, tí ọmọ náà wà níwájú mi, n kò sì ronú láti bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èmi náà wà lára àwọn tó ń tutọ́.

Mo yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀. Mo dé ilé-ìwé aládàáni mìíràn. Ẹni tó mú mi rìn yíká kò fi ìwé kankan hàn mí, bọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n rà ló ń fi hàn mí. Mo dé ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí wa. Tíṣà tó wà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ òun nìkan ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, ó sì bá mi sọ òtítọ́ pé ọmọ tó bá ti rẹ̀yìn kí òun tó gbà á, òun kò ní àkókò láti padà lọ mú un. Mo pinnu pé mo máa kọ́ ọ fúnra mi fún ọdún kan, nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárọ̀, kí oníbàárà tó pọ̀. Kíkà kò ni í lára. Ìṣirò ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù.

"Ìwọ? O fẹ́ kọ́ ọ nílé? Ṣé o mọ ìṣirò ni?"

"Mo mọ èyí tí mo fi ń ta táyà."

"Tí wọ́n bá bi mí pé ilé-ìwé wo lọmọ mi ń lọ ńkọ́?"

"Ẹ sọ pé ilé-ìwé ìyá rẹ̀."

Mo ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnì tírélà ṣe ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Wá ìwé tó dáa o. Kì í ṣe èyí tó lẹ́wà."

Ohun tí mo ń wá kò pọ̀ lójú mi. Ìwé tí apá mi máa ká ni, tó sì máa ń padà sẹ́yìn. Mo ti rí ibi tí àìsàn ọmọ mi wà. Tí mo bá kọ́ ọ ní ìyọkúrò lọ́jọ́ Ajé, tó sì ṣe é dáadáa, bí a bá ti lè kọjá sí nǹkan mìíràn pẹ́nrẹ́n, tó bá fi máa di Jímọ̀, ó ti jò dànù bí omi inú agbọ̀n. Ìwé tó máa kọ́ ọ ní nǹkan lónìí, tó tún máa bi í léèrè lọ́la, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àti ní oṣù tó ń bọ̀, òun ni mo fẹ́.

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ wá a. Ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn ìyá tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé, wọ́n sì fi mí sínú rẹ̀. Obìnrin kan nínú wọn ń ta ètò ìṣirò kan tó wá láti òkè òkun. Ó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, ó ń lọ sí Èkó, ó ní òun máa yà sọ́dọ̀ mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wo táyà, ó wo epo dúdú tó wà nílẹ̀, ó sì gbé bàtà rẹ̀ sókè bí adìyẹ tó ń gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Mo nu àga kan fún un. Ó tún fi áńkáṣì tirẹ̀ nù ún.

Ìwé tó gbé jáde lẹ́wà lóòótọ́. Mo ṣí ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kìíní dá lórí àwọn ọmọ tó ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín láti orí òkè. Ọmọ mi bi mí pé kí ni wọ́n ń yọ̀ lé lórí, ṣé ọṣẹ ni? Mo ṣí i síwájú. Ìbéèrè mẹ́ta lórí ìsọdipúpọ̀, àwòrán ẹranko ńlá kan tó gba ojú ìwé odindi, ó parí. Orí tó tẹ̀ lé e jẹ́ nípa aago. Mo wá ìsọdipúpọ̀ títí dé ẹ̀yìn ìwé, n kò rí i mọ́.

"Níbo ni wọ́n ti ń padà sí èyí tí wọ́n ti kọ́?" mo bi í.

"Há, Mọ́mì! Àwọn òyìnbó ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá ń pa nǹkan kan náà tún, ọmọ á sú. Ọmọ tó bá ti mọ nǹkan, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Fídíò wà níbẹ̀ tó bá fẹ́ wò ó sí i."

"Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè lò ó tó bá yá?"

"Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, mà. Ẹ máa ra ti àbúrò lọ́tọ̀."

Owó rẹ̀ fún ọdún kan tó láti ra ojúlówó táyà tírélà méjì. Mo ṣì ń wo ìwé náà nígbà tó yíjú sí ọmọ mi, tó fi ẹ̀rín bò ó: "Ọlọ́pọlọ pípé, ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?" Ó ń mi orí bó ṣe ń bi í. Ọmọ mi wo ojú rẹ̀, ó rí orí tó ń mì, òun náà mi tirẹ̀.

"Ẹ rí i!" obìnrin náà ní. "Ọmọ ti yàn fúnra rẹ̀."

Mo dá ìwé padà fún un. Mo pòṣé, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ọjà Ọ̀rẹ̀, sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àti báírò. Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fún un. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kó tó gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀, ìdáhùn wà lẹ́yìn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, gbogbo ènìyàn ló ń rà á. Òótọ́ ni, ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀. Mo rà á tayọ̀tayọ̀. N kò wò ó pé fọ́tòkọ́pì ni, pé ojú ìwé kan wà tó dojú dé, àti pé láti ojú ìwé ogójì ló ti fò sí méjìdínláàádọ́ta.

A lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á wo ẹ̀yìn ìwé, á máàkì ara rẹ̀, èmi á máa dá oníbàárà lóhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti wò ó. Ìbéèrè kan ní kó ṣe méje lọ́nà mẹ́jọ. Mo rí i pé ó ti kọ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ó ti pa á rẹ́ títí bébà náà fi fẹ́ lu, ó wá kọ mẹ́rìnléláàádọ́ta lé e.

"Kí ló dé tó o pa èyí rẹ́?"

"Kò gbà ni, Mọ́mì. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé."

Mo wo ẹ̀yìn ìwé. Mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Mo mú báírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ìdáhùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ojú ìwé kan tí kò ní irọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ mi ti ń pa òtítọ́ rẹ́ tó ń fi irọ́ rọ́pò rẹ̀, tó sì ń fún ara rẹ̀ ní máàkì lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó dá ronú, tó sì ronú rẹ̀ re, ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi rà fún un ló sọ fún un pé kò gbà.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé ìwé náà padà lọ bá ọkùnrin yẹn.

"Irọ́ ló kún inú ẹ̀," mo sọ fún un. "Ẹ wò ó. Ẹ tún wo ibí."

Kò wò ó. "Ìyá ọlọ́táyà, ṣé ẹ fẹ́ ká máa ka ìwé tán ká tó tà á ni? Bí wọ́n ṣe gbé e wá la ṣe ń tà á."

"Ṣé táyà tó bẹ́ lèmi náà lè tà fún yín, kí n ní bí wọ́n ṣe gbé e wá nìyẹn?"

"Ìwé kì í pa ènìyàn, mà."

Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí kò ní í di ìjà, mo bá yíjú padà. Òórùn tádàwà fọ́tòkọ́pì wà lára ọwọ́ mi títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń rí mi lára bí ẹni pé ẹja tó ti rà ni mo gbé.

Oníbàárà kan ti ń dúró dè mí. Ìyá àgbà kan ni, ó gbé ọkọ̀ kékeré kan tó ti gbó wá, ó fẹ́ ra táyà kan fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo mọ̀ ọ́n sí oníbàárà lásán tẹ́lẹ̀; ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ìwé ìjọba ló ti jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, àti pé Òdìgbó, ìlú rẹ̀, ló padà sí. Ó rí i bí mo ṣe la ìwé náà mọ́lẹ̀. Ó ní kí n gbé e wá. Ó fi dígí sójú, ó ṣí i wò, ó tún ṣí i wò, ó wá rìn lọ síbi agolo tí a ń da àkísà epo sí, ó sì jù ú sínú rẹ̀.

"Ta ló ni ọma tí wọ́n ń fi èyí kọ́?" ó bi mí. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni. Bó bá ń bá wa sọ Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ, ọmọ á ṣì máa di ọma lẹ́nu rẹ̀, ilé á sì máa di ulé.

"Èmi ni, mà."

"Mú un wá sí ulé mi lọ́jọ́ Sátidé."

Ọ̀kadà la gùn lọ. Wọ́n ti sá kòkó sórí tapólì níwájú ilé rẹ̀, òórùn rẹ̀ kíkan gba gbogbo àgbàlá. Kò fún wa ní nǹkan ẹlẹ́rìndòdò, kò sì bá ọmọ ṣeré. Ó fún un ní bébà kan àti ìbéèrè mẹ́wàá, ó ní kó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, kó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mẹ́ta ló gbà. Màmá náà kò rẹ ohùn sílẹ̀.

"Pírámárì kejì ló wà," ó ní.

"Mà, ipò kejì ló gbé ní pírámárì kẹrin o."

"Ipò kejì láàárín ta ni?"

Inú bí mi sí i, torí pé etí ọmọ náà ló ti sọ ọ́. Màmá náà wọlé lọ, ó gbé àpótí kan jáde tí ikán ti jẹ ìdí rẹ̀, ó sì fa ìwé kan yọ nínú rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Bébà rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èyí tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Kò ní àwòrán kan ṣoṣo. Mo ṣí i, n kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju nọ́ńbà lọ.

"Kà á," ó ní. "Iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ogún ìbéèrè. Márùn-ún àkọ́kọ́ ni tuntun. Àwọn yòókù, ti àná ni, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ti oṣù tó kọjá ni. Kò sí ohun tí wọ́n kọ́ ọ tí wọn ò ní í padà bi ọ́. Inú ìwé mìíràn ló máa kọ ìdáhùn sí, àbúrò ẹ̀ á tún lo èyí."

"Ṣé kò ní í sú u, mà?"

"Oko tí o bá ro lẹ́ẹ̀kan, ṣé kì í kún mọ́?"

Mo bi í pé ṣé wọ́n ṣì ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, pé ó wà ní Ọ̀rẹ̀ gan-an, pé kí n béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè nǹkan tó ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo béèrè ní ṣọ́ọ̀bù ìwé méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níkẹyìn, mo gbé ìtìjú tà, mo padà lọ bá ọkùnrin tó ta ìwé onírọ́ fún mi. Mo fi àwòrán èèpo ìwé náà tí mo yà nílé màmá hàn án lórí fóònù. Ó wò ó, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí páálí kan tó wà lábẹ́ tábìlì, ó ṣí páálí náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n wà, láti ti pírámárì kìíní dé ìkẹfà, eruku ti bò wọ́n. Ẹsẹ̀ ló ń gbé lé e láti ìgbà tí mo ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Kò sí ilé-ìwé tó ń béèrè ẹ̀, mà. Owó ẹ̀ kéré jù. Kí ni mo fẹ́ rí yọ níbẹ̀ fún tíṣà tó bá kó àwọn òbí wá?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀. Mo ra mẹ́ta, ti ìkejì, ti ìkẹta àti ti ìkẹrin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó owó ìwé oníkìnnìún kan ṣoṣo. Bó ṣe ń fi áńkáṣì nu eruku ara wọn, tó ń rẹ́rìn-ín pé mo ti di oníbàárà òun, ó dà bíi pé kí n tutọ́ sílẹ̀.

Ìrọ̀rùn kò tẹ̀ lé e. Ọmọ náà sunkún nígbà tó rí i pé ti pírámárì kejì ni. "Mọ́mì, ìwé àwọn ọmọ kékeré ni." A fi ìwé ìròyìn bo èèpo rẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà rí i. Mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo dojú kọ títì, kó má baà rí ojú mi kà. Lọ́jọ́ kìíní, nínú ogún, mẹ́rin ló gbà. Ní ọjọ́ kejì, mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́ta. Á máa retí kí n yíjú, màá máa ka tírélà tó ń kọjá.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò sọ fún ọkọ mi títí di òní. Ọkọ̀ akérò kan bẹ́ táyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà lójú títì, àwọn èrò wọ ṣọ́ọ̀bù wa bí eṣú, gbogbo wọn ń kánjú, dírẹ́bà ń pariwo lé mi lórí. Ọmọ mi há sórí ìbéèrè kan ṣoṣo, ó ku òun nìkan kó parí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní, "Tètè ṣe é, jọ̀ọ́, tètè." Kò rí i ṣe. Nígbà tí mo máa fi mọ ohun tí mo ń ṣe, pẹ́ńsù ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti kọ ìdáhùn náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó lè tẹ̀ lé e. Ó sì mú pẹ́ńsù tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e láìbéèrè nǹkan kan, bó ṣe ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́rin wá.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ya ojú ìwé yẹn kúrò. Mo lọ síbi ike omi, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, tí dírẹ́bà yẹn ń pariwo pé ṣé omi ni òun wá rà. Gbogbo ìríra tí mo ti kó lé obìnrin tó ni ilé-ìwé lórí àti tíṣà rẹ̀, tí mo kó lé ọlọ́jà ìwé lórí, mo rí i pé ó ṣẹ́ kù, ó sì kan èmi náà. Ó rọrùn gan-an. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tó rí mi lára jù nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí èrò bá ti pọ̀, a máa ń pa ìwé dé ni. Iṣẹ́ tí kò bá parí, a fi sílẹ̀ kó má parí. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún fún ààyè òfìfo àti "kò gbà". Díẹ̀díẹ̀, "kò gbà" náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìyọkúrò tó ti ń jò dànù ní gbogbo Jímọ̀ dúró. Bí ó bá gbàgbé pínpín, ìwé náà á tún bi í lọ́la, á tún bi í lọ́túnla, kò ní í jẹ́ kó sinmi. Ó sú u lóòótọ́. Ó sú èmi náà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà ti kọjá, ó ka ìdáhùn kan sí mi létí, ó sì gbà. Mo yíjú sí i, mo mọ̀ọ́mọ̀ mi orí pé rárá. Ó wò mí. Ó wo ìwé rẹ̀. Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ṣì í. Ẹ tún un ṣe." Mo ní kó má bínú.

Báyìí, ó ti kọjá ìwé kejì àti ìkẹta, ó ti dé ìdajì ìkẹrin. Mo ti bá tíṣà ilé-ìwé ìjọba yẹn sọ̀rọ̀, ó ní tó bá parí rẹ̀, òun máa gbà á sí kíláàsì karùn-ún. Ó máa fi ọdún kan dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn nínú, n kò sì purọ́ fún un pé kò já mọ́ nǹkan.

Àwọn ìyá kan ti gbọ́. Wọ́n máa ń yà bí wọ́n bá ń ti ọjà bọ̀, wọ́n á ní kí n jẹ́ káwọn rí ìwé tó ṣe é. Ọ̀kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ilé-ìwé oníkìnnìún tí mo ti yọ tèmi ni ọmọ tirẹ̀ ń lọ. Mo gbé ìwé náà fún un. Ó fi ìka méjì ṣí i, ó fọwọ́ pa bébà rẹ̀, ó yínmú.

"Èyí náà ni? Ṣé kò sí èyí tó ní àwòrán?"

"Kò sí, mà."

"Ọmọ mi ò lè lo èyí o. Ipò kìíní ló máa ń gbé."

Mo gba ìwé náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ta táyà méjì fún un, ó sì lọ.